Ògbufọ̀ Inú Pálọ̀ Wa

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi kọ́kọ́ sọ pé àwọn ò gbọ́ ohùn ìyá mi dáadáa mọ́. Ọ̀sán Sátidé kan ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ti dá, gbogbo ilé tutù. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn, ohun kan ṣoṣo tó sì kù fún wa nínú ohùn wọn ni orin ìkórè kan tí ọ̀kan nínú àwọn akọrin fi kásẹ́ẹ̀tì gbà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ, nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló ṣe orin náà, àwọn ló sì dúró níwájú akọrin lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ló dá ẹsẹ kejì kọ. Mo ti gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún ẹnì kan tó bá mi kó ohùn inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo Sátidé ni Bàbá sì máa ń jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀ kí n lè tan orin náà fún wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, orin parí, Bàbá ò dìde. Wọ́n ní, “Ohùn ìyá rẹ ò já gaara sí mi mọ́ nínú nǹkan yìí. Ńṣe ló ń jìnnà.”

Ẹni tí orí rẹ̀ pé, kí ni ìbá ṣe? Á bi bàbá rẹ̀ pé, kí ló ṣe etí yín? Èmi kọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo yíjú sí. Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ̀rọ yìí ni kò dáa.” Bàbá wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Háà, ẹ̀rọ ni? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.” Mi ò bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ irú etí tí Bàbá ní. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní ìlú Awo kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀gá akọrin ni gbogbo Ẹdẹ mọ̀ wọ́n sí. Bí ogójì ènìyàn bá ń kọrin tí ẹnì kan ṣoṣo ṣì í, ojú lásán ni Bàbá á fi mú onítọ̀hún, olúwarẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Wọn kì í kọ́ ènìyàn lórin láìgbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀yìn lorin ti ń wá, ẹnu kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Wọ́n gbé ọwọ́ yẹn lé èmi náà lẹ́yìn rí, nígbà tí ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e kúrò. “Ìwọ ń mí bí ẹni tí ajá ń lé,” ni wọ́n wí lójú gbogbo akọrin. Bí mo ṣe kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nìyẹn. Mo gba ìdí ẹ̀rọ lọ. Mi ò lè kọrin, ó kéré tán mo lè mú kí orin dún.

Òótọ́ tí mi ò fẹ́ sọ nígbà náà ni pé ó ti pẹ́ tí ojú mi ti wà lára ohun tí mo fẹ́ rà. Olùkọ́ físíìsì ni mí, mo sì ní ọ̀rẹ́ kan ní Òṣogbo tó ń ta ẹ̀rọ orin, irú èyí tí àwọn tó mọ ohùn yàtọ̀ ń wá kiri. Ọ̀rẹ́ mi yìí ti ṣàlàyé fún mi títí etí mi fi kún. Ó ní orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn rárá, nọ́ńbà lásán ni. Nǹkan kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà ló ń sọ nọ́ńbà yẹn di ohùn, ìkánjú ló sì fi ń ṣe é, nítorí wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ ńlá. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé ju kó sọ nọ́ńbà di ohùn lọ, kó sì fara balẹ̀ ṣe é. DAC ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Mo ti ń wá ìdí tí mo fi máa ra ọ̀kan. Àròyé Bàbá wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ju egungun fún ajá.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún Bàbá, mo ní láti tún un sọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló le. Ìgbà tó yé wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ògbufọ̀ ni nígbà náà!” Wọ́n wá sọ ìtàn òyìnbó àlùfáà kan tó máa ń wá wàásù nígbà èwe wọn. Ọ̀sẹ̀ tí tíṣà kan bá gbufọ̀ fún un, gbogbo ìjọ á máa sunkún ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ tí akọ̀wé kan bá gbufọ̀, gbogbo ìjọ á máa sùn. Òyìnbó kan náà ni o! Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, “Wá ògbufọ̀ tó gbédè fún ìyá rẹ.” Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ tí ẹ̀rọ náà ń jẹ́ nílé wa nìyẹn.

Ìyàwó mi nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ó ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nígbà tí mo lọ bá a ní kíṣìnnì. Ó ní, “Olówó orí mi, ṣé Bàbá ní ẹ̀rọ ò dáa ni, àbí Bàbá ní àwọn ò gbọ́?” Mo ní kí ló ní lọ́kàn. Ó ní Alhaja tó múlé tì wá kí Bàbá láti ẹ̀yìn ògiri, ó kí wọn, kí wọn, wọn ò dáhùn, ó wá bi òun bóyá òun ló ṣẹ Bàbá. Mo ní ọ̀rọ̀ ló gba Bàbá lọ́kàn. Ó ní òun náà ti ń wo Bàbá, pé ohunkóhun tí òun bá bi wọ́n, “ẹn-ẹn” ni wọ́n fi ń dá òun lóhùn, bó ṣe pé oúnjẹ ni, bó ṣe pé oògùn ni. Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ohùn ò yé e, kó máa rẹ́ ilá rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, sà.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó mọ irú “ó dáa, sà” tí mò ń wí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo dojú kọ ní tèmi, tọkàntara.

Ọ̀rẹ́ mi ará Òṣogbo jẹ́ kí n gbé méjì wálé láti fi dán an wò. Ọ̀kan kéré, kò ju páálí ìṣáná lọ. Èkejì dúdú, ó fẹ̀, ó wúwo bí ọlọ. Ihò bíi mélòó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn mìíràn, bọ́tìnì roboto kan sì wà níwájú tí èèyàn á yí sí ihò tó bá fẹ́ lò. Ojú gíláàsì tóóró kan ló máa ń fi ihò tí bọ́tìnì náà wà lórí rẹ̀ hàn. Wáyà kan á ti kọ̀ǹpútà wọ inú ògbufọ̀, òmíràn á ti inú ògbufọ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ìyẹn á sì gbé e fún sípíkà méjèèjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí bí mo ṣe ń so wáyà náà, ẹ ó ní mò ń ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ kí n tó so ohunkóhun. Dúdú yẹn ti wọ̀ mí lójú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ìdájọ́, ta ló sì tó Bàbá láti ṣèdájọ́ ohùn? Mo gbé àga mi kọjú sí tiwọn, mo tẹjú mọ́ wọn kí n lè rí bí orin ṣe ń ṣe wọ́n. Kékeré ni mo kọ́kọ́ tan. Mò ń wo Bàbá, Bàbá náà ń wò mí. Mo rò pé bí olùkọ́ ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ ni. Orin parí. “Ó dáa,” ni wọ́n wí, bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún. Mo wá so dúdú mọ́ ọn. Ìyá mi ò tíì kọ ìdajì ẹsẹ tiwọn tán tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, Bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ẹ̀rín bo ojú wọn. “Èyí ni! Ìyá rẹ gan-an nìyí!” Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo ra dúdú. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ mọ́tò mi ló bá a lọ, kò sì dùn mí.

Bí mo ṣe sọ ilé di kóòtù nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó lè gbà tún ohùn ṣe, èyí tó mú, èyí tó rọ̀, èyí tó wà láàárín. Tí ọ̀sán Sátidé bá ti dé, èmi á máa yí i, Bàbá á máa dájọ́. Mo gbé sípíkà kúrò lára ògiri, mo dá wọn padà, mo tún gbé wọn kúrò. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ta kọ́tìnì tó nípọn, pálọ̀ wá móoru bí ilé ìyan-ẹja. Mo ra bátìrì ńlá nítorí mi ò fẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, mo sì máa ń dúró kí mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa kírun Àsárì tán kí n tó tan orin. Tí òjò bá ń kan páànù, a ò ní gbọ́ orin lọ́jọ́ yẹn. Mo fòfin de ẹ̀rọ ìlọta nílé, ìyàwó mi padà sídìí ọlọ, kò bá mi jà. Tí mo bá yí bọ́tìnì tí inú mi dùn, Bàbá á mi orí. Tí ó bá ṣe mí bákan, Bàbá náà á fajú ro. Ẹnu máa ń yà mí bí etí àwa méjèèjì ṣe bára mu tó. Mo sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé etí Bàbá ni mo jogún. Tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, mo máa ń fẹ́ fi aṣọ bo orí.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ra mọ́tò tuntun á pe àlùfáà kó wá gbàdúrà sí i. Èmi ò ra mọ́tò mọ́, DAC ni mo pe àlùfáà sí. Mo tún pe àwọn tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ akọrin Bàbá. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tó máa ń jókòó ti ìyá mi láàárín àwọn tírébù tó ń kọ ohùn òkè, tó ti padà sí Sekona. Bàbá àgbà kan sì wà tó ń kọ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà yẹn. Mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ara wọn lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n wá gbọ́ ìyá mi bí ẹni pé wọ́n wà láàyè. Ìyàwó mi se ìrẹsì, ó se móínmóín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú aṣọ múlọ́múlọ́ kan, mo nu ojú ògbufọ̀ títí ó fi ń dán.

Àlùfáà gbàdúrà pé ohùn ayọ̀ ni a ó máa gbọ́ nínú ilé náà. A ṣe àmín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti tan orin. Rárá o, mo dìde, mo sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà, mo sọ̀rọ̀ nípa wáyà, mo sọ̀rọ̀ nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn àti ohùn, àwọn arúgbó yẹn ń mi orí, ebi ń pa wọ́n. Mo ní Bàbá ló fi etí ara wọn yan ẹ̀rọ yìí, pé etí tó tó tiwọn ò sí ní Ẹdẹ títí dé ìlú Ara. Bàbá jókòó láàárín wọn nínú agbádá funfun, wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mo tẹ orin.

Nǹkan kan ò dún. Lójú kọ̀ǹpútà, orin ń lọ, mo rí i. Mo rò pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló dákẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kásẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mú ohùn. Mo rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò mi, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀rín yẹn ni Bàbá rí.

Wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, tí gbogbo wa ń gbọ́ fáànù tó ń yí lókè orí wa, Bàbá ní, “Háà! Ẹ gbọ́ ìyàwó mi! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe já gaara! Ó dùn!” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu apá àga, wọ́n ń tẹ̀ lé orin tí kò sí.

Kò sẹ́ni tó mira. Àgbà ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò ní irọ́ ni? Ìyá àgbà ará Sekona ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n wo Bàbá, wọ́n wò mí, wọ́n tẹrí ba. “Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá,” wọ́n ní, “ó dùn.” Bàbá oníbáàsì ní, “Ó dùn púpọ̀, ọ̀gá.” Àlùfáà náà ní, “Ògo ni fún Ọlọ́run.” Bí gbogbo pálọ̀ ṣe ń yin orin tí kò dún nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí ẹni tó ṣòfò. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú abọ́ móínmóín lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ojú àwa méjèèjì pàdé. Ẹ gbà mí! Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti máa ń sọ ọ́ láti ìgbà èwe, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Mo wo ojú gíláàsì ògbufọ̀. Orí ihò tẹlifíṣọ̀n ni bọ́tìnì wà. Aṣọ tí mo fi nù ún láàárọ̀ ló ti yí bọ́tìnì, èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ò sì wò ó. Mo dá a padà. Orin bú jáde láàárín ẹsẹ ìyá mi, gbogbo wa la ta gìrì. Bàbá nìkan ni kò ta gìrì. Ìka wọn ń lu àga lọ bó ṣe ń lù ú tẹ́lẹ̀, kò bá orin mu rárá, ẹ̀rín ṣì wà lójú wọn, ojú náà sì ń wo tèmi. Ìgbà náà ni ojú mi yí padà. Mo mọ̀ pé ó yí padà, nítorí mo rí i lára Bàbá. Ìka wọn dúró. Wọ́n wo yíká, wọ́n rí ojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí àga, wọ́n kó o sábẹ́ agbádá wọn bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ, adìẹ tó sì jẹ́ bàbá ẹni.

Àwọn àlejò jẹun. Wọ́n yin ìrẹsì, wọ́n yin móínmóín ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ orin. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ìyá àgbà ará Sekona di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà o.” Ojú tì mí, mo sìn wọ́n dé ìta.

Bàbá wọ yàrá wọn lọ, wọn ò jẹun alẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo wá jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní láti fẹnu sún mọ́ etí wọn, kí n sì sọ̀rọ̀ sókè, mo sì rí i pé bí ìyàwó mi ṣe ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Mo sọ fún ọ,” wọ́n ní. “Mo ní mi ò gbọ́ ìyá rẹ dáadáa mọ́. Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó sọ ọ́. Ìwọ ní ẹ̀rọ ni. Inú mi dùn pé ẹ̀rọ ni.”

“Ìgbà tí a wá ra ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ.” Wọ́n fọwọ́ kan etí wọn. “Ọ̀gá akọrin di adití. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ìwọ náà sì ń yọ̀. Ojú rẹ ni mò ń wò. Tó bá ti dùn mọ́ ọ lójú, mo mọ̀ pé ìyá rẹ ń kọ ọ́ dáadáa.”

Gbogbo Sátidé yẹn, ojú wọn ni mò ń wò kí n tó mọ ohun tí mo gbọ́. Ojú tèmi ni àwọn náà ń wò. Kò sí onídàájọ́ kankan nínú pálọ̀ yẹn. Dúdú tí Bàbá yàn, ìfẹ́ ọkàn mi ni wọ́n kà lójú mi, tí wọ́n sì fi tọrẹ fún mi. Èmi tí mo gbé ògbufọ̀ wálé kí ìyá mi olóògbé lè bá wa sọ̀rọ̀, bàbá mi tó wà láàyè sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi ní Yorùbá tó mọ́ kedere, mi ò gbọ́ ọ. Mo sunkún níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, Bàbá sì ń gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé èmi ni ohun burúkú ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí mo jáde, mo lọ bá ìyàwó mi ní kíṣìnnì. Mo gbé ẹ̀rọ ìlọta sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. “Ẹ ṣé, sà,” ó ní, èyí kì í sì í ṣe irú “sà” ti ìjelòó.

A lọ sọ́dọ̀ dókítà etí ní Òṣogbo. Wọ́n fún Bàbá ní ohun kékeré kan tí wọ́n á máa fi sétí. Ọjọ́ tí a dé, Alhaja kí wọn láti ẹ̀yìn ògiri, Bàbá dá a lóhùn kíákíá, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọjà, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ń wọlé. Orin ló kọ̀. Bàbá ní bí ẹni ń gbo páànù ló ń dún. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé ohùn tó bá ga ti bọ́ kúrò nínú etí wọn, kò sì ní padà. Ohùn tó ga, ìyẹn ni tírébù. Ìyẹn ni ìyá mi.

Ọ̀pọ̀ Sátidé kọjá tí mi ò tan ẹ̀rọ náà. Mo fi aṣọ bò ó. Bàbá fúnra wọn ló ṣí aṣọ kúrò lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n tan orin ìkórè. Wọ́n yọ nǹkan etí wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ sípíkà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó rẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí. “Àwọn báàsì ń dé ọwọ́ mi,” wọ́n ní. “Ìyá rẹ ò sí níbẹ̀.” Wọ́n wá nawọ́ sí mi. “Wá. Kọ tiẹ̀ fún mi.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ lé mi kúrò nínú akọrin.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò rí ẹlòmíràn. Mo gbé àpótí ìjókòó ìyàwó mi wá láti kíṣìnnì, mo jókòó síwájú Bàbá, mo kọ̀yìn sí wọn. Ọwọ́ náà bà lé mi lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, ó ti fúyẹ́ ju bó ṣe rí nígbà èwe mi lọ. Mi ò rí ojú wọn. Wọn ò rí tèmi. Mo fi ohùn ọkùnrin tó ki yìí bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ ìyá mi. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé, “Olúwa ló ṣe é, òun ló jẹ́ ká rí i,” mo mí láàárín, mo sì ń bá a lọ. Ìka kan gbá mi lẹ́yìn.

“Ìyá rẹ kì í mí níbẹ̀.”

Mo dìde, mo lọ sídìí ògbufọ̀, mo tan ibi yẹn, mo sì fi etí ara mi nìkan gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ìyá mi dé ibẹ̀, wọ́n kọjá bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, ìgbà tí gbólóhùn náà parí pátápátá ni mo tó gbọ́ tí wọ́n fa èémí díẹ̀ sínú. Kí n tó ra ẹ̀rọ yẹn, mi ò gbọ́ èémí náà rí. Bàbá ò nílò rẹ̀, ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ìyá mi lórin. Láti ọjọ́ náà, tí Sátidé bá ti dé, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó ti ògbufọ̀ kí n kọ́ ẹsẹ náà lẹ́nu ìyá mi, kí n tó lọ jókòó síwájú Bàbá. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n tún sọ fún mi pé ó dùn. “Ó kù díẹ̀,” ni wọ́n máa ń wí. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Bàbá ti lọ bá ìyá mi báyìí. Ògbufọ̀ ṣì wà ní pálọ̀, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ṣì máa ń wá gbọ́ orin, ìyàwó mi sì ń lọ ata nígbà tó bá wù ú. Mi kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ó dùn. Tí mo bá tan orin ìkórè, ojú mi á ṣì lọ sí àga yẹn, kó wo ojú tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ìtìjú ọjọ́ Àìkú yẹn á sì tún gorí mi, kò gbó, kò sì ṣá. Ẹsẹ kejì á wá bẹ̀rẹ̀. Tí ìyá mi bá ti ń sún mọ́ ibi yẹn, èmi náà á rí i pé mo ti na ẹ̀yìn mi ró, mi ò sì mí.